Ẹ̀rọ 486 Olójú Kan

Òkè-Ọ̀tún, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta, ọdún 1994.

Débọ̀ ọmọ mi, Àdìgún,

Ṣé dáadáa ni o jí? Ṣé ara rẹ le, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé ní Yábàá náà jí ire? Tiwa níbí, a dúpẹ́, a ò ní í sọ pé kò dára kí ó má baà burú sí i. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ adìyẹ ìgboro Èkó tí mọ́tò kò fi pa gbogbo wọn tán, òun náà ni yóò máa ṣọ́ ọ. O kò ní í ṣi ọkọ̀ wọ̀, o kò ní í ṣi ọ̀rẹ́ yàn, ohun tí o bá dáwọ́ lé kò ní í bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Àmín.

Lẹ́tà tí o fi rán dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ onípákó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á títí ìwé náà fẹ́ ya ní ibi tí o ti ṣẹ́ ẹ. Ibi tí ó yé mi bà mí nínú jẹ́, ibi tí kò yé mi ni mo sì gbé tọ Àǹtí Ethel lọ, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ìwé kẹrin. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, ẹyin adìyẹ mẹ́ta péré ni mo mú lọ. Ó ní òun náà kò tíì fojú kan kọ̀mpútà rí, ṣùgbọ́n òun yóò gbìyànjú, ó sì gbìyànjú lóòótọ́.

Kí n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan kú. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ó sì ká páànù kan kúrò lórí ilé ìdáná, mo ti fi òkúta méjì tẹ èyí tó kù. Ilé káfíńtà ni òjò ń wọ̀ báyìí, bí mo ṣe ń wò ó ni ẹ̀rín pa mí, ẹ̀yìn náà ni mo jókòó sórí odó tí mo sunkún, nítorí pé ní ìgbà tí ara bàbá rẹ le, kí òjò tó dá ni wọn ìbá ti wà lórí òrùlé pẹ̀lú ìṣó lẹ́nu.

Bàbá rẹ kí ọ. Apá ọ̀tún wọn ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, kò gbé nǹkan, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà kò sì fẹ́ gbọ́ràn. Láràárọ̀ ni mo máa ń ti èjìká mi bọ abẹ́ apá wọn, a ó rọra rìn lọ sí ìsọ̀, màá gbé wọn jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ńṣì iṣẹ́ wọn, wọ́n á sì fi ọwọ́ òsì lé orí bẹ́ńṣì náà. Wọn kì í ṣe nǹkan kan. Wọ́n kàn máa ń jókòó tì í títí oòrùn á fi dé ẹnu ọ̀nà, ìgbà náà ni wọ́n á ní kí n gbé àwọn wọlé. Àwọn ará àdúgbò ń kọjá, wọ́n ń kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́ o káfíńtà, bàbá rẹ náà á dáhùn pé iṣẹ́ ń lọ.

Nígbà tí o kọ́kọ́ kọ̀wé sí wa lọ́dún tó kọjá pé ẹ̀rọ tí o fẹ́ máa fi yàwòrán ilé, 486 ni orúkọ rẹ̀, mo bi bàbá rẹ pé irú orúkọ wo nìyẹn, wọ́n ní ó jọ nọ́ńbà orin. A ṣí ìwé orin, a wá 486, àfi bí ó ṣe jẹ́ orin tí a máa ń kọ létí sàréè. Mo fẹ́ pa ìwé náà dé, bàbá rẹ ní a kì í ṣí orin ká má kọ ọ́. A rọra kọ ọ́ tán ní ohùn ìsàlẹ̀, kí ará ilé kejì má baà sáré wá kí wa kú ọ̀fọ̀. Ọjọ́ kejì ni bàbá rẹ ní kí wọ́n gbé pákó ìrókò mẹ́fà yẹn sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà kí a tà wọ́n. O mọ pákó tí mò ń wí. O mọ ohun tí wọ́n tọ́jú wọn dè láti ìgbà tí o ti wà ní kékeré. Mo ní Bàbá Débọ̀, ti ọjọ́ náà ńkọ́, wọ́n ní ẹni tó bá kú kì í bèèrè irú igi tí wọ́n fi gbé òun, pé ẹni tó wà láàyè ni kí á ra nǹkan fún.

Owó pákó yẹn ni mo dì mọ́ ìdí wá sí Yábàá ní oṣù kìíní. Wàyí o, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ fún ọ, mo sì ti kọ ìwé yìí lẹ́ẹ̀mejì tí mo ń fà á ya nítorí rẹ̀. O ní nígbà tí o padà lọ bá ọkùnrin tó ta ẹ̀rọ náà fún wa, ó ní òun kò rẹ́ ọ jẹ, pé ẹnì kan ló sọ fún òun pé ẹ̀rọ ti ilé ni ẹ ń wá. O ní purọ́purọ́ ni, pé ta ni yóò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni, Débọ̀. Kì í ṣe purọ́purọ́.

O rántí pé iná lọ bí a ṣe gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, tí ìwọ sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ sí apá ọjà Tejúoṣó láti wá mọ́tò tí yóò gbé wa. O fi mí sílẹ̀ lórí àga pẹ̀lú owó ní ìdí mi. Ọkùnrin ọlọ́jà tó so táì yẹn wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí mi, ó ṣe ọmọlúàbí, ó wá bi mí pé Màmá, ṣé ti ilé ni àbí ti ọ́fíìsì? Inú mi dùn pé èmi náà mọ ìdáhùn. Èmi mọ̀ pé ilé ni ọmọ mi ń yà, mo ti rí àwọn ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí o fi ya yàrá àti pálọ̀ àti ibi tí ilẹ̀kùn yóò gbà ṣí. Mo ní ti ilé ni o, kìkì ilé ni. Mo tilẹ̀ ní, ọmọ mi kò fẹ́ràn ọ́fíìsì, ilé ló fẹ́ràn. Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ, ó gbé e jáde nínú páálí, ó ti fi okùn dì í. Nígbà tí o dé, o rí 486 gàdàgbà lára páálí, o dì mọ́ mi. Iná kò sí ká tàn án wò. Bí mo ṣe fi ẹnu ara mi kó bá ọmọ mi nìyẹn.

Àǹtí Ethel ló wá ka ìyókù fún mi, ohun tí Mùktárù ọ̀rẹ́ rẹ tó ń tún tẹlifíṣàn ṣe ní Muṣin rí nígbà tí ó tú ẹ̀rọ náà, pé ó ka lẹ́tà kékeré méjì lára ọpọlọ rẹ̀, ó ní S àti X ni. O ní èyí tó yẹ ká rà, D àti X ló wà ní ìdí tirẹ̀. Mo ní kí Àǹtí Ethel tún un kà. O ní 486 ni àwọn méjèèjì, ilé kan náà ló kó wọn jáde, wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì, àfi pé èyí tó jẹ́ ti ilé, wọ́n ti pa ibi tó fi ń ṣe ìṣirò tó le. O ní kí ó lè yé mi, kí n sọ pé wọ́n fọ́ ọ ní ojú kan, kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀ fún àwọn tí kò ní tó. Ètò ìyàwòrán tí o fẹ́ fi sínú ẹ̀rọ náà sì rèé, ojú tí wọ́n fọ́ yẹn gan-an ló ń bèèrè, bí kò bá rí i, kò ní í ya ohunkóhun.

Débọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n jẹun dáadáa. Èmi ti rí ẹni tó ń ta ọjà tó bàjẹ́ ní ẹ̀dínwó, èmi náà ti ta tòmátì tó rọ̀ rí. Ṣùgbọ́n ta ló ń bímọ tó lójú méjì, tí yóò mú abẹ́rẹ́ gún ọ̀kan, kí ó lè rí i tà fún tálákà? Tí wọn kò sì sọ ọ́ síta. Lẹ́tà kékeré méjì, ibi tí ojú arúgbó kò lè rí. Àǹtí Ethel ní X kò sí nínú ábídí wa, pé òun fi ń sàmì sí ìṣirò tí ọmọ kò gbà. Mo ní mo mọ̀ ọ́n, mo rí i pẹ̀lú ọ̀dà pupa lára ilé tí ìjọba fẹ́ wó nígbà tí a gba Muṣin kọjá. Mo ronú nípa S àti D títí. Èmi gbà pé S ni sùúrù, D sì ni dúkìá, bí ó bá jẹ́ nǹkan mìíràn, kọ ọ́ sí mi.

Àwọn bàbá wa ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn òyìnbó yìí, àpò ẹni tó fẹ́ rà á ni wọ́n ń wò. O ní ọmọ tuntun kan sì tún dé tó yẹ kó jẹ́ 586, ṣùgbọ́n adájọ́ ti ní kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ló ni nọ́ńbà, ni wọ́n bá yí i padà sí Pẹ́ńtíọ̀mù. Ìyẹn yé mi. Ó dà bí Múkáílà ọmọ ẹ̀yìnkùlé wa tó lọ sí Èkó, tó dé lọ́dún kejì tó ní Mike ni òun ń jẹ́, tí kò dá ìyá rẹ̀ lóhùn àfi bí ó bá pè é bẹ́ẹ̀. Bí owó bá ti wà, orúkọ á dé. Àwa tí a kò ní ni nọ́ńbà wà fún.

Ó wá ku ti 487. Ẹ̀rù ba bàbá rẹ díẹ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ nọ́ńbà náà, wọ́n ní kí n má ṣí ìwé orin. O kọ ọ́ pé òun ni ojú kejì tí a lè rà sí i kí ẹ̀rọ náà lè ríran, pé bí o bá rí i kí Àjíǹde tó dé, ẹnjiníà tó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún ọ yóò gbé e fún ọ, bí o kò bá rí i, yóò gbé e fún ẹlòmíràn. O ní níwọ̀n ìgbà tí bàbá rẹ kò ṣiṣẹ́ mọ́, kí a jọ̀wọ́ ta bẹ́ńṣì àti àwọn ayùn. O kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo rí i pé o pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí o tó kọ ọ́, n kò bínú sí ọ. Bàbá rẹ pàápàá kò bínú. Wọ́n ní kí n ránṣẹ́ sí Christopher, káfíńtà tó wà ní oríta, pé kí ó wá gbé e.

Ṣùgbọ́n Mùktárù ti sọ nǹkan kan fún ọ, o sì fi í sí ìsàlẹ̀ ìwé rẹ bí ẹni ń ṣe àwàdà, pé ojú kejì yìí kì í ṣe ojú rárá, pé odidi ènìyàn ni, olójú méjì tó pé. Bí ó bá ti wọlé, yóò sọ fún ẹni àkọ́kọ́ pé kí ó lọ sùn, òun nìkan ni yóò máa ṣe gbogbo iṣẹ́. Síbẹ̀ bí wọ́n bá yọ ẹni àkọ́kọ́ yẹn kúrò ní ààyè rẹ̀, ẹni kejì náà kò ní í jí. Àfi kí ẹni àkọ́kọ́ jókòó síbẹ̀, kí ó má ṣe nǹkan kan, kí ó ṣá ti wà. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ sí etí bàbá rẹ, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ló rẹ́rìn-ín, èkejì kò lè ṣe é, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, n kò tíì gbọ́ ẹ̀rín wọn. Wọ́n ní èmi nìyẹn, Ìyá Débọ̀, wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ mi sínú ẹ̀rọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ ni Christopher dé pẹ̀lú ọkùnrin méjì. Wọ́n gbé bẹ́ńṣì náà, ó wúwo, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan fi ìlà sórí ilẹ̀ ìsọ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá rẹ ń wò ó. Nígbà tí ó jáde tán, wọ́n fẹ́ gbé ọwọ́ òsì lé ibi tí ó máa ń wà, kò sí nǹkan níbẹ̀, ọwọ́ náà já bọ́. Wọ́n ní kí n yí àga àwọn sí ògiri. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kẹ́yìn nìyẹn, Débọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, wọn kò jẹun. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo po ògì, mo fi ṣíbí kàn wọ́n lẹ́nu, ògì ṣàn sí àyà wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe oríkì wọn, wọn kò dáhùn. Ojú wọn là, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Mo wá rántí ẹ̀rọ rẹ, mo ní hàà, a ti yọ ẹni àkọ́kọ́ kúrò ní ààyè rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ àná, mo fi ẹsẹ̀ rìn dé oríta, mo kó owó Christopher padà fún un, mo kúnlẹ̀. Ọkùnrin náà kò jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ mi parí, ó ní Màmá ẹ dìde, ọ̀gá ló kọ́ èmi bí wọ́n ṣe ń di ayùn mú. Ó gbé bẹ́ńṣì náà padà wá fúnra rẹ̀, ó tilẹ̀ ti kan ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń mì. A gbé e sí orí àpá tó fi sílẹ̀ gan-an. Mo mú ọwọ́ òsì bàbá rẹ, mo gbé e lé e. Lẹ́yìn náà ni ìka wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí igi náà, wọ́n sì ní ògì dà.

Nítorí náà, ọmọ mi, kò sí owó 487. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ẹnjiníà lè tìdí èyí bọ́, pé èmi ni mo fi ẹnu ara mi ra olójú kan fún ọ, tí n kò sì lè ra ojú kejì. Ó ń dùn mí gidi gan-an ni, bí mo bá ń gúnyán, màá kàn dúró. Mo ti kọ ìwé pélébé kan sí ọkùnrin tó so táì yẹn, ó wà nínú àpòòwé yìí, bá mi fún un. Mo ṣàlàyé pé ilé tí mo sọ kì í ṣe ilé tí à ń gbé, ilé tí à ń yà ni, kí ó jọ̀wọ́ gba olójú kan rẹ̀ kí ó fún ọ ní olójú méjì, pé ìyá ni òun náà ní. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ kí mi báyẹn yóò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Bí owó bá wọlé fún ọ, bàbá rẹ fẹ́ bátìrì rédíò méjì, èmi sì fẹ́ ìṣó tí màá fi kan páànù ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ owó ọkọ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ, má ra bátìrì, má ra ìṣó, fi wọ ọkọ̀.

Ìdí tí mo fi ní kí o wọ ọkọ̀ nìyí. Lẹ́yìn ìsìn lónìí, bàbá rẹ ní kí n fún àwọn ní pẹ́ńsù tí wọ́n máa ń fi sí etí, wọ́n sì ní kí n tẹ́ bébà sórí bẹ́ńṣì. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi yà á, ìlà rẹ̀ wọ́, ó ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ìwọ̀n sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí káfíńtà. Òun ni mo ká mọ́ ìwé yìí. Wọ́n ní ilé ni, kí o bá àwọn fi ẹ̀rọ yà á kí ó gún régé, pé èyí kò le, pé olójú kan pàápàá lè yà á. Mo wò ó, mo rí i pé ó gùn ní ẹsẹ̀ mẹ́fà lé díẹ̀, kò fẹ̀ tó ẹsẹ̀ méjì ààbọ̀. Mo bi wọ́n pé ibo ni fèrèsé wà, wọ́n ní ilé náà kò nílò fèrèsé.

Mo mọ ilé tí wọ́n ń wí, Débọ̀. Ìwọ náà ti mọ̀ ọ́n. Má tíì yà á. Bí ẹ̀rọ náà bá tilẹ̀ ríran ní ọ̀la, má yà á o, wá sílé ná, kí o wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì bẹ́ńṣì.

Ọlọ́run kò ní í jẹ́ kí ojú rẹ fọ́, kò ní í jẹ́ kí wọ́n wo àpò rẹ sọ ọ́ lórúkọ. Bí o ti ń bọ̀, ọ̀nà á là fún ọ, ẹsẹ̀ rẹ á bá wa nílé, á bá wa láàyè, àwa méjèèjì.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rosaline, ìyàwó Theophilus káfíńtà.

Mo gbójú sókè báyìí kí n tó lẹ ìwé yìí. Bàbá rẹ ṣì jókòó sí ààyè wọn.